Àpọ́nlé Tí Kò Gbé Ayé Rí

Lọ́dún 1977, nígbà tí àwọn kánsẹ́lọ̀ tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní Ṣakí, obìnrin aránṣọ kan wà ní àdúgbò Òkè-Àyìn tí ń jẹ́ Àdìjátù. Ìyá Mọ́nsúrù ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, ó kọjú sí títì, ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ kan ló sì wà níbẹ̀. Ó lè rán bùbá, ó lè rán dàńṣíkí, ó lè rán aṣọ ilé-ìwé. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó ka orúkọ tí àwọn oníbàárà ń kọ mọ́ etí aṣọ wọn. Lọ́jọ́ tí ó ṣèèṣì gbé aṣọ ìyàwó tuntun fún ẹlòmíràn, tí ọmọ ọlọ́mọ sọkún títí ojú rẹ̀ fi wú, ni ó pinnu pé òun máa kọ́ ìwé.

Ilé-ẹ̀kọ́ àgbà wà nígbà náà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí ibẹ̀, lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun àsárì. Ọmọbìnrin Ìṣẹ́yìn kan tí ń jẹ́ Adépéjú ló ń kọ́ wọn. Ogún ènìyàn ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ oko dé, mẹ́sàn-án ló ṣẹ́kù, Àdìjátù sì wà nínú wọn. Kí ó tó pé oṣù mẹ́jọ, bí wọ́n bá fi ìwé ìròyìn di àkàrà fún un, á ka ìwé náà tán kí ó tó jẹ àkàrà.

Lọ́jọ́ kan, Adépéjú sọ fún wọn pé, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ ti mọ lẹ́tà kọ sí ọmọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ kọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ rò ó lọ́kàn yín, kí ẹ wá sọ ọ́ bí ẹni pé ojú yín ló ṣe. Ìtàn àròsọ ni à ń pè é."

Àdìjátù nawọ́ sókè. "Tíṣà, ṣé kì í ṣe irọ́ lẹ ní ká máa pa yẹn?"

Adépéjú rẹ́rìn-ín. "Rárá o, Ìyá Mọ́nsúrù. Ẹni tó ń parọ́ fẹ́ kí èèyàn gba òun gbọ́ ni. Ẹ̀yin máa kọ ọ́ sókè ìwé gàdàgbà pé àròsọ ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àdìjátù lára. Ó wá ohun tó máa fi ṣe ìtàn títí, ọkàn rẹ̀ sì lọ sí àpáta pẹrẹsẹ kan tó wà láàárín Òkè-Àyìn àti Ìsàlẹ̀-Odán, tí à ń pè ní Jókòó-sinmi. Ẹni tó bá ń ti ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí sábà máa ń sọ ẹrù kalẹ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ gbalasa kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ́lé sí. Kò sí ẹni tó ń béèrè ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Jókòó-sinmi.

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló ti kọ ọ́. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ tí ó fi dé ibi tí ó ti nílò orúkọ fún bàbá àgbẹ̀ inú ìtàn. Orúkọ tó bá rò, ẹni tó ń jẹ́ ẹ wà ládùúgbò, kò sì fẹ́ wàhálà. Ibi tó ti ń ronú ni ewúrẹ́ rẹ̀ ti yọ sí i, ó sì gé etí ìwé náà jẹ.

"Àpọ́nlé! Kúrò níbẹ̀!"

Àpọ́nlé ni wọ́n ń pe ewúrẹ́ náà, torí pé kì í fẹnu kan èèpo iṣu àfi tí wọ́n bá kó o sínú àwo fún un. Àdìjátù wo ewúrẹ́, ó wo ìwé, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé, Àpọ́nlé.

Bí ìtàn náà ṣe lọ nìyí. Àpọ́nlé jẹ́ àgbẹ̀ alágbára tí kì í jókòó. Ó ní ọ̀lẹ ló ń jókòó. Ìdúró ló ti ń jẹun, ìdúró náà ló sì ti fẹ́ ìyàwó rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ru iṣu tí ó tó ti ọkùnrin mẹ́ta bọ̀ láti oko. Bí ó ṣe dé ibi àpáta náà ni orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó sì bá ara rẹ̀ ní ìjókòó. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní, "Háà! Ṣé báyìí ló ṣe ń dùn ni?" Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò dìde. Àwọn ará òkè ń gbé oúnjẹ wá fún un, àwọn ará ìsàlẹ̀ ń gbé omi wá, ibẹ̀ ni tọ̀tún-tòsì ti mọ ara wọn, tí wọ́n sì di ìlú kan. Nígbà tí Àdìjátù dé ìparí, ó rò pé kò yẹ kí bàbá náà lọ lọ́wọ́ òfo. Ló bá fi kún un pé àwọn àgbà fún Àpọ́nlé ní ilẹ̀ tó yí àpáta náà ká, fún òun àti ọmọ ọmọ rẹ̀ títí láé.

Adépéjú kà á, ó rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Láàárín oṣù náà ni kánsù fẹ́ ṣí gbọ̀ngàn ìpàdé wọn tuntun. Ọ̀gbẹ́ni Olúkúnlé, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì, ni alága kánsù. Ó fẹ́ràn ìwé kíkọ ju oúnjẹ lọ. Ó ní kí ilé-ẹ̀kọ́ àgbà mú nǹkan wá tí àwọn máa tẹ̀ sínú ìwé ètò ọjọ́ náà, kí ayé lè rí i pé owó ìjọba kò ṣòfò. Ìtàn Àdìjátù ni Adépéjú mú; Àdìjátù dà á kọ sórí ìwé mìíràn tó mọ́, kò yí ohunkóhun padà, wọ́n sì fi í ránṣẹ́. Àkọlé tó wà lórí rẹ̀ ni "Ìtàn Àròsọ Àpáta Jókòó-Sinmi".

Ṣùgbọ́n ọ̀gbẹ́ni tó ń tẹ ìwé kò ní lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀, bíi Ọ, nínú àwọn lẹ́tà ńláńlá rẹ̀. Ó wo àkọlé náà títí, ó rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ nínú. Ó yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò. Ohun tó jáde ni "ÌTÀN ÀPÁTA JÓKÒÓ-SINMI".

Àdìjátù rí i ní àárọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ náà gan-an. Ó sáré bá tíṣà rẹ̀.

"Tíṣà, wọ́n ti yọ àròsọ kúrò o!"

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ni Adépéjú wí. "Ta ló máa gbàgbọ́ pé èèyàn kan fẹ́ ìyàwó ní ìdúró?"

Nígbà tí wọ́n pe Àdìjátù, ó dìde, ó kà á sétí gbogbo ìlú. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibi "Ṣé báyìí ló ṣe ń dùn ni?", ẹ̀rín bú, ó sì wá ń kà á bí ẹni ń mu omi. Ọkọ rẹ̀, Jẹ́ẹ́dé, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, dìde lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó ń nàka sí i, ó ń sọ fún ẹni tí kò bi í pé, "Ìyàwó mi nìyẹn! Ìyá Mọ́nsúrù nìyẹn!" Láti ọjọ́ náà lọ, tí Àdìjátù bá ń kọjá, àwọn èèyàn á kí i, "Akọ̀wé!" Ó ń dùn mọ́ ọn nínú ju oyin lọ.

Ìgbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ ni wàhálà dé. Kánsù pinnu láti kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sí ilẹ̀ gbalasa ẹ̀gbẹ́ àpáta náà, torí pé ibi tí àwọn aboyún ń lọ nígbà náà jìnnà. Inú gbogbo èèyàn dùn, àfi ìgbà tó kan orúkọ tí wọ́n máa sọ ọ́.

Kánsẹ́lọ̀ Òkè-Àyìn ni Àlàájì Ràsáàkì tó ń ta àgbàdo. Ó mú ìwé ètò náà jáde nínú agbádá rẹ̀, ó ní, "Ó ti wà nínú ìwé. Ilẹ̀ Àpọ́nlé ni. Bàbá ńlá tiwa l'Ókè-Àyìn sì ni Àpọ́nlé, torí náà àwa la máa sọ ọ́ lórúkọ."

Kánsẹ́lọ̀ Ìsàlẹ̀-Odán, Ọdẹ́bọ̀dé, ọmọ ìdílé ọdẹ, fò dìde. "Àpọ́nlé wo? Àpọ́nlé tó jẹ́ pé sàréè rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa?"

Àwọn méjèèjì kò parọ́ lójú ara wọn o. Ó ti wọ̀ wọ́n lọ́kàn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan Àlàájì ti rí ọkọ́ tí Àpọ́nlé fi roko. Ọdẹ́bọ̀dé náà fi òkúta yí òkìtì kan ká lẹ́bàá àpáta náà, ó ní ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá gbẹ́lẹ̀ láàárọ̀, àwọn kan á wá dí i nírọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, bíríkìlà kó ọkọ́ àti ṣọ́bìrì rẹ̀, ó ní ìgbà tí wọ́n bá mọ ọmọ Àpọ́nlé, kí wọ́n wá pe òun.

Àdìjátù kò lè ránṣọ mọ́. Ó fi ọwọ́ bùbá sí ibi tó yẹ kí ọrùn wà. Obìnrin aboyún kan tó wá gba aṣọ rẹ̀ jókòó sórí àga, ó ń mí hẹlẹ, ó ní, "Ìyá Mọ́nsúrù, ṣé wọ́n máa kọ́lé yẹn kí èmi tó bí ṣá?" Ọ̀rọ̀ yẹn gún un bí abẹ́rẹ́.

Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun máa lọ jẹ́wọ́ ní ìpàdé kánsù.

Jẹ́ẹ́dé fọwọ́ nu gírísì sára ṣòkòtò rẹ̀. "Àlàájì ló ń fún ọ ní aṣọ ilé-ìwé rán lọ́dọọdún. Ṣé o ti rò ó?"

"Mo ti rò ó, Bàbá Mọ́nsúrù. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n èmi ni mo bí Àpọ́nlé. Ta ló tún máa sọ ibi tó ti wá?"

Jẹ́ẹ́dé ti kẹ̀kẹ́ tó ń tún ṣe sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ó dáa. A jọ máa lọ ni."

Lọ́jọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Ará Òkè-Àyìn jókòó sọ́tùn-ún, ará Ìsàlẹ̀-Odán sósì. Ọkọ́ Àlàájì wà lórí tábìlì, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó bí ẹni bo ìyàwó. Alága Olúkúnlé ti sọ "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó" títí ohùn rẹ̀ fi há, nígbà tí Àdìjátù dìde, tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Alága, ẹ̀yin àgbà, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ Àpọ́nlé rí. Èmi ni mo rò ó lọ́kàn mi. Ìtàn àròsọ ni. Ẹni tó tẹ̀wé ló yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò."

Àdìjátù rò pé ó ti parí nìyẹn. Kò mọ̀ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

"Irọ́!" ni Àlàájì Ràsáàkì ké. "Ìyá Mọ́nsúrù, ta ló rán ọ níṣẹ́? Àwọn ará ìsàlẹ̀ ló rà ọ́, kí o lè wá pa bàbá ńlá wa rẹ́!"

"Àwa kẹ̀?" ni Ọdẹ́bọ̀dé dá a lóhùn. "Ẹ̀yin lẹ rán an, nígbà tí ẹ rí i pé sàréè wà lọ́dọ̀ wa!"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀, òkè àti ìsàlẹ̀ fẹnu kò: obìnrin yìí ń purọ́. Bàbá kan tilẹ̀ dìde lẹ́yìn, ó ní bàbá òun máa ń sọ̀rọ̀ Àpọ́nlé fún òun nígbà tí òun wà lọ́mọdé, pé ọkùnrin gíga ni, ó sì pupa. Àdìjátù wo bàbá náà tìyanutìyanu. Kò kọ ọ́ pé Àpọ́nlé ga.

Adépéjú, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ló rí ọ̀nà. "Ìyá Mọ́nsúrù, ìwé tí ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ sí ńkọ́?"

"Ó wà nílé, nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ mi."

Kí ó tó pa ẹnu dé, Jẹ́ẹ́dé ti wà lórí kẹ̀kẹ́. Wọ́n ní kò fọwọ́ kan bíréèkì lẹ́ẹ̀kan títí ó fi padà dé, tí eruku pupa bò ó látorí dátẹlẹsẹ̀. Ó gbé ìwé náà fún alága.

Olúkúnlé wọ gíláàsì rẹ̀, ó ṣí ìwé. Àkọlé wà níbẹ̀ ní lẹ́tà wọ́gọwọ̀gọ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́wé: Ìtàn Àròsọ. Ó ṣí i dé ìsàlẹ̀, ibi tí tíṣà ti fi bírò pupa kọ̀wé. Ó ka ti tíṣà náà sókè ketekete:

"'Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ó dùn gan-an, Ìyá Mọ́nsúrù. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá orúkọ mìíràn fún bàbá yìí. Orúkọ ewúrẹ́ yín kọ́ ló yẹ kí ẹ fún àgbàlagbà.'"

Ó gbé ojú sókè. "Ewúrẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin alága," ni Àdìjátù wí, ojú ń tì í. "Òun náà ló gé etí ìwé yẹn jẹ. Ẹ wo eyín rẹ̀ níbẹ̀."

Olúkúnlé fẹ́ ṣe bí alága. Ó fún ètè pọ̀, ó wo òkè àjà. Ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó sì bú sẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí gíláàsì fi bọ́ lójú rẹ̀. Ni ẹ̀rín bá gba gbogbo gbọ̀ngàn. Ẹni tó jókòó sọ́tùn-ún ń di ẹni òsì mú kí ó má ṣubú. Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Ọmọ ewúrẹ́, mo kí yín o!", ẹ̀rín tún sọ.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, alága fọwọ́ kan aṣọ funfun orí tábìlì. "Àlàájì, ọkọ́ ta wá ni èyí?"

Àlàájì Ràsáàkì họ orí. "Ti bàbá mi ni," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Wọ́n ṣáà ní kí n wá nǹkan àtijọ́ wá."

"Sàréè yẹn ńkọ́, Ọdẹ́bọ̀dé?"

Kí Ọdẹ́bọ̀dé tó dáhùn, arúgbó obìnrin kan tí wọ́n fi àga gbé sí ẹnu ọ̀nà fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀. Ìyá Àmọ̀kẹ́ ni. Òkè-Àyìn ni wọ́n bí i sí, Ìsàlẹ̀-Odán ló fẹ́kọ sí, kò sì sí ẹni tó dàgbà jù ú lọ ní àdúgbò méjèèjì.

"Wọ́n ní wọ́n rí sàréè bàbá ńlá ọkọ mi, ìdí tí mo fi ní kí wọ́n gbé mi wá nìyẹn," ni ó wí. "Mo ti yà wò ó lọ́nà. Òkìtì yẹn? Eérú ààrò wa ni! Ibẹ̀ ni ìyá mi àti gbogbo obìnrin òkè àti ìsàlẹ̀ ti ń se òrí. Wọ́n á sá èso rẹ̀ sórí àpáta, wọ́n á gún un, wọ́n á sè é, a ó sì lọ da eérú síbẹ̀. Ẹni tó bá ru ẹrù kọjá, àwa ni à ń kí i, 'Jókòó, sinmi.' Èmi fúnra mi ti kí i bẹ́ẹ̀ títí ó fi sú mi. Ọkùnrin kankan kò ní ilẹ̀ níbẹ̀. Ìdí tí ẹ kò fi rí ilé kankan níbẹ̀ nìyẹn. Àwọn obìnrin ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí, Ìyá?" ni alága béèrè.

"Ta ló bi mí?"

Olúkúnlé yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Nígbà tó yá ó ní bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ ti àwọn obìnrin, kò sí ohun tó tún yẹ ibẹ̀ ju ibi tí obìnrin á ti máa bímọ lọ, pé orúkọ tí wọ́n máa sọ ọ́ sì ni Ilé Ìgbẹ̀bí Jókòó-Sinmi. Ọdẹ́bọ̀dé ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè láti fọwọ́ sí i. Àlàájì nawọ́ tiẹ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, bíríkìlà padà sẹ́nu iṣẹ́. Obìnrin aboyún tó wá gba aṣọ kò rí ilé náà lò nígbà náà; ó bí ọmọ tirẹ̀ sílé, láyọ̀ àti àlàáfíà, ó sì tún dé pẹ̀lú oyún mìíràn lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ilé ìgbẹ̀bí náà tán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Àlàájì fi yan odì. Ó ń gba ọ̀nà mìíràn lọ sí mọ́ṣáláṣí kí ó má bàa kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Àdìjátù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ ìwọlé àwọn ọmọ ilé-ìwé kù fẹ́ẹ́rẹ́, ó dé fúnra rẹ̀ pẹ̀lú òdidi aṣọ mẹ́rin léjìká. Ó jù wọ́n sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá Mọ́nsúrù, ìwọ lo dójú tì mí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ọwọ́ aṣọ fi sí i tó ọ." Àdìjátù kò sọ fún un nípa bùbá tó fi ọwọ́ sí ní ọrùn.

Alága Olúkúnlé kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Ó ra ìwé ńlá oníwé igba fún Àdìjátù, ó ní kí ó máa lọ bá àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ ohun tí ojú wọn rí sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́run. Àdìjátù rò pé iṣẹ́ náà máa rọrùn ju àròsọ lọ, níwọ̀n ìgbà tí kò ti ní rò ó fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbà méjì tí wọ́n jọ dàgbà nínú ilé kan náà á sọ ọ̀rọ̀ kan ní ọ̀nà mẹ́ta. Ó ń kọ gbogbo rẹ̀, ó ń kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Àmọ̀kẹ́ ló ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, lábẹ́ àtíbàbà. Arúgbó náà kò gbà láti sọ ohunkóhun àfi ìgbà tí Àdìjátù jẹ iṣu sísun kan tán, tó sì mu omi lé e. Lẹ́yìn náà ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó yọjú wo ojú ìwé tó mọ́ roro náà bí ẹni tó ń yẹ oko wò kí ó tó gbin nǹkan.

"Ṣé o ti ṣe tán?"

"Mo ti ṣe tán, ẹ̀yin Ìyá."

"Kọ ọ́ pé ọkọ mi kọ́ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́."

Àdìjátù rẹ́rìn-ín, ó ti bírò bọ ìwé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀.